Orúkọ àti nọ́ńbà àwọn oníbàárà mi bọ́ sọ́wọ́ oníjìbìtì. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Aláṣọ_Ọjà_Ọba (Jímọ̀, 8:50 alẹ́)

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú alẹ́ o. Láti àná ni oorun ò ti kùn mí.

Aṣọ ni mò ń tà ní Ìlọrin: léèsì, àǹkárá àti aṣọ òkè. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí mo gba àwọn ọmọ mẹ́ta kan tí wọ́n ń bá mi polówó ọjà lórí WhatsApp, Facebook àti Instagram. Wọ́n mọṣẹ́, mi ò lè purọ́ mọ́ wọn. Tí ẹnì kan bá ra aṣọ, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀, àdúgbò rẹ̀, aṣọ tó mú, iye tó san àti iye tó kù, nítorí díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀pọ̀ kọ́sítọ́mà mi ń san owó. Orí Google Sheets ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Orúkọ tó wà níbẹ̀ ti lé ní ẹgbẹ̀rún kan.

Nígbà tí Iléyá ń bọ̀, a kó àwọn tó ń bá wa ta ọjà sínú gúrúùpù WhatsApp kan, wọ́n tó ogójì. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mi fẹ́ kí wọ́n máa rí àwòrán aṣọ àti iye tí à ń tà á, ló bá ju líǹkì ìwé náà síbẹ̀. Kò rántí pé ojú ìwé tí orúkọ àwọn ènìyàn wà náà wà nínú fáìlì kan náà.

Ní ọ̀sán àná, Àlájà kan pè mí láti Òmù-Àrán. Ó ní òun ti san ₦45,000 tó kù o, ìgbà wo ni aṣọ òun ń bọ̀? Mo ní, owó wo? Ó ní ọmọbìnrin kan ló pe òun, ó dárúkọ òun, ó dárúkọ léèsì náà tàwọ̀tàwọ̀, ó ní ṣọ́ọ̀bù ti pààrọ̀ àkáǹtì. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn mẹ́rin mìíràn ti pè mí. Ọpẹ́ ni pé wọn ò tíì sanwó.

Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe? Ṣé òfin kan wà tó kan irú èmi yìí? Ta ló yẹ kó máa ṣọ́ nǹkan wọ̀nyí gan-an, ṣé àwọn tó ń polówó ni àbí kí n lọ wá oní-kọ̀ǹpútà? Ọmọ tó ṣe é ò yé sunkún. Mi ò fẹ́ lé e.

Kọ̀ǹpútà_Tanke

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ má lé e o. Òun ló mọ ibi tí líǹkì náà dé, ẹ máa nílò rẹ̀ lálẹ́ yìí ju ẹnikẹ́ni lọ.

Ẹ ṣí ìwé náà, ẹ tẹ Share. Tí ẹ bá rí "Anyone with the link", ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ nìyẹn. Ẹ yí i sí "Restricted". Lẹ́yìn náà, ẹ yẹ àwọn ímeèlì tó wà níbẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ yọ gbogbo ẹni tí ẹ ò mọ̀ àti ẹni tó ti kúrò lọ́dọ̀ yín. Tí ẹ bá kàn pa líǹkì náà rẹ́ nínú gúrúùpù, ẹni tó ti ṣí i rí ṣì lè padà wọlé. Ẹ má sì pa ìwé náà fúnra rẹ̀ rẹ́, torí àwọn tí orúkọ wọn wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ni ẹ máa kìlọ̀ fún.

Kí Àlájà pe báǹkì rẹ̀ nísinsìnyí tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí. Báǹkì rẹ̀ lè bá báǹkì ẹni tó gbowó sọ̀rọ̀ kí wọ́n fi ọwọ́ mú èyí tí kò tíì jáde. Èyí tí wọ́n bá ti fà ní POS ló máa ń ṣòro rí gbà. Kí ó tún lọ fi tó ọlọ́pàá létí. EFCC náà ní ọ́fíìsì ní Ìlọrin níbí.

Ẹ mú bébà kan, kí ẹ kọ ọjọ́ àti aago sí i: ìgbà tí wọ́n ju líǹkì síta, ìgbà tí Àlájà pè, ìgbà tí ẹ ti ilẹ̀kùn náà. Ẹ tún kọ nọ́ńbà àkáǹtì tí oníjìbìtì náà fún un. Ẹ máa rí ìwúlò rẹ̀.

Agbẹjọ́rò_Òmù_Àrán

Ẹ kú ìdààmú, ìyá wa. Òfin wà, ó sì kàn yín.

Nigeria Data Protection Act ni wọ́n ń pè é, Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2023. Kí ó tó dé, ìlànà tí NITDA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà, gbé jáde ní 2019 là ń lò. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 pàápàá ti sọ ọ́ ní abala 37 pé a ò gbọ́dọ̀ tú àṣírí ọmọ Nàìjíríà, ìbáà jẹ́ nínú ilé rẹ̀, nínú lẹ́tà rẹ̀, tàbí nínú ọ̀rọ̀ tó ń sọ lórí fóònù. Àjọ tó ń rí sí òfin tuntun yìí ni NDPC, Àbújá ni olú ọ́fíìsì wọn wà.

"Dátà" tí òfin yìí ń wí kì í ṣe èyí tí à ń rà sórí fóònù. Ohunkóhun tí ènìyàn lè fi mọ̀ pé ẹni báyìí lò ń sọ ni: orúkọ, nọ́ńbà, àwòrán, àdúgbò, ìwọ̀n ara tí télọ̀ kọ, gbèsè tí ẹnì kan jẹ. Gbogbo ohun tí àwọn ọmọ yín kọ sínú ìwé yẹn ló wọ inú rẹ̀.

Òfin ò ní ká má polówó. Ohun tó sọ ni pé tí o bá gba nọ́ńbà ẹnì kan torí kó o lè gbé aṣọ fún un, má ṣe sọ ọ́ di nǹkan mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Má gba ju èyí tó o nílò. Má tọ́jú rẹ̀ títí láé. Ṣọ́ ọ. Tó bá jẹ́ ìyọ̀ǹda ẹni náà lo gbára lé láti máa fi ìpolówó ránṣẹ́ sí i, ìwọ ló máa fi ẹ̀rí hàn pé ó yọ̀ǹda, torí òfin ò ka dídákẹ́ sí ìyọ̀ǹda. Lọ́jọ́ tó bá sì sọ pé òun ò fẹ́ ìpolówó mọ́, ó parí nìyẹn. Kò yẹ kí yíyọ ara ẹni kúrò le ju wíwọlé lọ.

Ibi tó kàn yín jù lónìí ni abala 40. Tí dátà àwọn ènìyàn bá jò, tí ó sì lè pa wọ́n lára, ẹ ní wákàtí 72 láti ìgbà tí ẹ ti mọ̀ láti fi tó NDPC létí. Tí ewu náà bá wá pọ̀, ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún àwọn tó ni orúkọ náà lójú ẹsẹ̀, ní èdè tó yé wọn, kí ẹ sì sọ ohun tí wọ́n lè ṣe láti dáàbò bo ara wọn. Wọ́n ti jí owó Àlájà, ewu náà pọ̀ nìyẹn. Ọ̀sán àná ni ẹ mọ̀, torí náà ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni wákàtí 72 yín pé.

Ní ti owó ìtanràn: fún àwọn tí òfin kò kà mọ́ àwọn ńlá (ìyẹn àwọn tí NDPC kà sí pàtàkì nítorí dátà tó wà lọ́wọ́ wọn), ó lè tó ₦2 million tàbí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé lọ́dún tó kọjá, èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì. Fún àwọn ńlá, ₦10 million ni, tàbí ìdá méjì yẹn kan náà.

Ẹ bi mí ta ló yẹ kó ṣọ́ ọ. Lójú òfin, ẹ̀yin tí ẹ ni ṣọ́ọ̀bù ni, torí ẹ̀yin lẹ pinnu pé kí wọ́n máa gba orúkọ àti ohun tí wọ́n máa fi ṣe. Ẹ ò lè tì í sọ́rùn ọmọdé. Ṣùgbọ́n nínú ilé, ọwọ́ ẹni tó ń polówó ni orúkọ wọ̀nyẹn ń gbà kọjá láràárọ̀. Oní-kọ̀ǹpútà lè wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Àwọn ọmọ yìí ló ń fi líǹkì ránṣẹ́ lójoojúmọ́. Kí wọ́n mọ̀ pé ṣíṣọ́ orúkọ wà lára iṣẹ́ tí à ń sanwó rẹ̀ fún wọn.

Bàbá_Ọ̀fà

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ tinú mi.

Láti 1988 ni mo ti ń ta páátì mọ́tò. Inú ìwé ni mò ń kọ orúkọ àwọn tó jẹ mí lówó sí, kò sì sí ẹni tó tipa rẹ̀ jà wọ́n lólè rí. Tí obìnrin yìí bá ránṣẹ́ sí ẹgbẹ̀rún ènìyàn pé àṣírí yín ti tú lọ́wọ́ mi, ta ni yóò tún yà sọ́dọ̀ rẹ̀ ra aṣọ? Àwọn tí wọ́n jọ ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn á gbé e kiri ọjà. Kí ó pe àwọn márùn-ún yẹn, kí ó bẹ̀ wọ́n, kí ó sì panu mọ́.

Olóúnjẹ_Gáà_Àkàǹbí

Ẹ kú àgbà, Bàbá. Mi ò bá yín jiyàn torí pé mo gbọ́n jù yín lọ. Ohun tí ẹ ní kó ṣe yẹn ni mo ṣe lọ́dún tó kọjá, mo sì rí àbájáde rẹ̀.

Mò ń se oúnjẹ òde, ojú ìwé Facebook mi ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ̀ mí. Lọ́jọ́ kan, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé sínú rẹ̀ pé a ti lo àwòrán tí kì í ṣe tiwa, wọ́n máa pa ojú ìwé wa rẹ́ láàárín wákàtí 24, àfi tí a bá tẹ líǹkì kan. Ẹ̀rù ba ọmọ tó ń bá mi bójú tó o. Ó tẹ̀ ẹ́, ó kọ páásíwọ́ọ̀dù síbẹ̀. Páásíwọ́ọ̀dù kan náà ni àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń lò, òun náà la fi ń ṣí ímeèlì. Kí n tó kírun Àsárì, ojú ìwé náà ti di ti ẹlòmíràn.

Ìtìjú mú mi. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi dákẹ́ tí mò ń wá bí mo ṣe máa gbà á padà ní bòókẹ́lẹ́. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin yẹn, olè náà gba owó àsansílẹ̀ ìgbéyàwó lọ́wọ́ ìdílé méjì ní orúkọ mi. Tí mo bá ti kọ ọ́ sórí status mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọn ì bá tí san án. Ọ̀kan nínú wọn ṣì ń bá mi ra oúnjẹ. Èkejì wò mí lójú, ó ní: "O mọ̀, o ò sọ fún mi." Mi ò rí èsì kankan fún un títí di òní.

Ẹ sọ fún wọn, ìyá wa. Gbogbo wọn.

Kọ̀ǹpútà_Tanke

Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́, mà. Irú àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn ń jà ràn-ìn. Ẹ má tẹ líǹkì tó bá wà nínú ìkìlọ̀. Ẹ ṣí Facebook fúnra yín, kí ẹ wọ Meta Business Suite, kí ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ nǹkankan síbẹ̀. Tí wọn ò bá kọ ọ́ síbẹ̀, irọ́ ni.

Ẹ má pín páásíwọ́ọ̀dù kan lò mọ́. Facebook gbà kí olúkúlùkù fi orúkọ tirẹ̀ wọlé, kí ẹ sì fún un ní àyè tí iṣẹ́ rẹ̀ nílò. Ẹni tó ń fi àwòrán síbẹ̀ kò nílò agbára láti yọ ẹlòmíràn. Kí ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù àti ẹnì kan péré tó fọkàn tán ní agbára gbogbo. Má jẹ́ kó jẹ́ ìwọ nìkan, torí fóònù lè sọnù. Lọ́jọ́ tí òṣìṣẹ́ bá ń lọ, kí ẹ tó gbàdúrà fún un pé kó lọ ire, ẹ ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lójú ìwé, lórí Sheets àti lórí WhatsApp. Àwọn tó ń kúrò ní àlàáfíà là ń gbàgbé jù.

Ẹ fi ìdánilójú onígbésẹ̀ méjì sí gbogbo rẹ̀, ìyẹn ni pé lẹ́yìn páásíwọ́ọ̀dù, yóò tún bèèrè nọ́ńbà àṣírí kan kí ènìyàn tó wọlé. Èyí tó ń lo áàpù tó ń mú nọ́ńbà jáde sàn ju èyí tó ń bá tẹ́ẹ̀sì wá, torí wọ́n lè gba láìnì yín sórí síìmù mìíràn. Lórí WhatsApp, ẹ lọ sí Settings, Account, Two-step verification, kí ẹ yan nọ́ńbà mẹ́fà. Ẹ tún wo Linked devices. Mo ti bá ṣọ́ọ̀bù kan ṣe é ní Tanke níbí tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà káfé tí wọ́n lò ní oṣù méjì sẹ́yìn ṣì ń ka gbogbo ọ̀rọ̀ tí kọ́sítọ́mà ń bá wọn sọ.

Ìkìlọ̀ kan kí ìyá wa tó bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́: ẹ má ṣe kó àwọn oníbàárà náà sínú gúrúùpù WhatsApp láti sọ fún wọn! Gbogbo ẹni tó bá wà nínú gúrúùpù ló ń rí nọ́ńbà ara wọn, ẹ ó tún ti tú u síta lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ lo broadcast, èyí tó ń fi ọ̀rọ̀ kan náà ránṣẹ́ sí olúkúlùkù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá ti fi nọ́ńbà yín pamọ́ sínú fóònù rẹ̀ nìkan ni yóò rí i gbà, nítorí náà ẹ fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ sí àwọn tó kù tàbí kí ẹ pè wọ́n. Tó bá jẹ́ ímeèlì, BCC ni kí ẹ kó wọn sí, kí ẹnì kan má bàa rí ímeèlì ẹnì kejì.

Olùkọ́_Ajàṣẹ́

Mo ń bá ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ajàṣẹ́-Ìpo ṣe ìpolówó. Ọ̀rọ̀ yìí bà mí lẹ́rù. Àwọn ọmọ tó bá ṣe dáadáa, àwòrán wọn ni mo máa ń gbé sórí Facebook, pẹ̀lú orúkọ àti kíláàsì wọn. Bàbá kan wá bá wa pé ẹnì kan tí òun ò mọ̀ rí dúró ti ọmọ òun lọ́nà, ó pe orúkọ rẹ̀, ó kí i kú oríire ipò kìíní. Ọlọ́run ló yọ wá. Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Kí ni òfin sọ lórí ọmọdé?

Agbẹjọ́rò_Òmù_Àrán

Ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18 kò lè dá yọ̀ǹda. Òbí tàbí alágbàtọ́ ló máa yọ̀ǹda, ẹ sì gbọ́dọ̀ wádìí pé òbí rẹ̀ ni lóòótọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí bébà, ẹ yà á sọ́tọ̀ kúrò lára fọ́ọ̀mù ìgbàwọlé, kí òbí lè kọ àwòrán láìjẹ́ pé ó pàdánù àyè ọmọ rẹ̀. Kódà tí wọ́n bá yọ̀ǹda, ẹ má kọ orúkọ mọ́ ojú.

Ọmọ_Ìpàtà

Ẹ dákun, ìbéèrè kékeré. Ẹnì kan ń ta nọ́ńbà fóònù, ó ní ti àwọn ará Ìlọrin ni, nọ́ńbà náà tó 10,000. Adìẹ ni mò ń tà. Ṣé kí n rà á kí n fi polówó fún Kérésì?

Agbẹjọ́rò_Òmù_Àrán

Má rà á. Àwọn 10,000 yẹn kò mọ̀ ọ́, wọn kò sì yọ̀ǹda fún ẹ. Nínú wọn, àwọn kan ti fi STOP ránṣẹ́ sí 2442 kí ìpolówó má bàa dé orí láìnì wọn mọ́. Tún rò ó wò: níbo ni ẹni tó ń tà á ti rí i? Bóyá lára irú ìwé ìyá wa yìí ni.

Bàbá_Ọ̀fà

Mo ti ronú sí ohun tí olóúnjẹ yẹn sọ. "O mọ̀, o ò sọ fún mi." Ó wọ̀ mí lára. Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ, kí ó sọ fún wọn.

Ṣùgbọ́n ìwé tèmi ńkọ́, tí kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà? Orí káńtà ló máa ń wà, ẹnikẹ́ni tó bá dúró níwájú mi lè kà á. Àti nọ́ńbà àwọn ẹbí mi tó wà nínú fóònù?

Agbẹjọ́rò_Òmù_Àrán

Ẹ ṣeun, Bàbá. Nọ́ńbà ẹbí àti ọ̀rẹ́ fún ọ̀rọ̀ ilé, òfin yìí ò kàn án. Ìwé onígbèsè yín wà lábẹ́ rẹ̀, torí kò ní kí ó di inú kọ̀ǹpútà. Ẹ gbé e kúrò lórí káńtà sínú dúrọ́ọ̀ tó ní kọ́kọ́rọ́. Ẹni tó wá ra púlọ́ọ̀gì kò gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó jẹ yín lówó.

Kí ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ dátà kò já sí nǹkan: ní oṣù keje 2024, FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníbàárà, bu $220 million lé Meta tó ni Facebook àti WhatsApp lórí, nítorí bí wọ́n ṣe ń lo dátà àwọn ọmọ Nàìjíríà.

Aláṣọ_Ọjà_Ọba (ọjọ́ Àìkú, 4:20 ìrọ̀lẹ́)

Ọlọ́run á san án fún gbogbo yín. Ẹ gbọ́ ibi tí mo bá a dé.

A ti ti líǹkì náà pa láti alẹ́ Jímọ̀. Ímeèlì méje la bá níbẹ̀ tí kò yẹ kó wà níbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ti ọmọ tó kúrò lọ́dọ̀ mi kí a tó gba àwọn tó wà níbẹ̀ báyìí. A kọ̀wé sí NDPC ní àárọ̀ yìí, agbẹjọ́rò bá wa wò ó.

Ohun tí a fi ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà rèé, kí ẹni tó bá nílò irú rẹ̀ lè mú un lò:

"Ẹ kú déédéé ìwòyí. Ṣọ́ọ̀bù aṣọ yín ní Ọjà Ọba ló ń kọ̀wé. Àṣìṣe ọwọ́ wa jẹ́ kí àwọn tí kò yẹ rí orúkọ yín, nọ́ńbà yín, àdúgbò yín, aṣọ tí ẹ rà àti owó tó kù. Kò sí nọ́ńbà báǹkì yín níbẹ̀. Oníjìbìtì kan ń pe àwọn ènìyàn pé a ti pààrọ̀ àkáǹtì. A kò pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni tó bá pè yín, àfi kí ẹ kọ́kọ́ pe nọ́ńbà tó wà lára báàgì aṣọ yín. Ẹ forí jì wá. Tí ẹ bá fẹ́ kí a yọ orúkọ yín, ẹ sọ, a ó yọ ọ́."

Ọwọ́ mi ń gbọ̀n nígbà tí mo fi í ránṣẹ́. Àwọn kan bínú, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ènìyàn 11 ní kí a yọ orúkọ àwọn, a ti yọ ọ́. Obìnrin mẹ́ta sọ pé wọ́n ti fẹ́ sanwó fún oníjìbìtì náà lọ́la. Ẹlòmíràn wà lẹ́nu ọ̀nà POS nígbà tí tẹ́ẹ̀sì wa wọlé.

Báǹkì rí ₦18,000 dá dúró nínú owó Àlájà, wọ́n ní kí ó máa retí rẹ̀. Èmi ni mo gbé ìyókù, mo yọ ọ́ kúrò nínú gbèsè tó jẹ mí. Ó ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀, mo ní rárá, àmánà ni nọ́ńbà tó fún mi.

Ìwé àwòrán aṣọ ti yàtọ̀ sí ìwé orúkọ báyìí. Èmi àti ọmọ tó ṣe àṣìṣe náà nìkan ló lè ṣí ìwé orúkọ. Mo mọ̀-ọ́n-mọ̀ yan òun ni. Òun ló ń yọ àwọn tó ti san owó wọn tán tí wọn ò sì ra nǹkan kan láti ọdún méjì.

Ó ku ènìyàn 61 tí tẹ́ẹ̀sì kò dé ọ̀dọ̀ wọn, tí ìpè ò sì wọlé sórí láìnì wọn, púpọ̀ nínú wọn wà ní ìhà Òmù-Àrán, Òró àti Òkè-Oníigbìn. Ẹ má kọ orúkọ tàbí nọ́ńbà ẹnikẹ́ni síbí o. Tí ẹ bá mọ ẹni tó ń ra aṣọ lọ́wọ́ mi níbẹ̀, ẹ bá mi sọ fún un kó wo ara báàgì aṣọ rẹ̀, kó pè mí.